Àga Tí Ìyá Àgbà Kò Yàn Fún Mi

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo ń jowú. A ti sin ìyá àgbà. Gbogbo Kàbà ti wá kí wa, wọ́n ní a kú ọ̀fọ̀, a kú ìnáwó, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ á dára, mo sì ń ṣe àmín, mo ń kúnlẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń dùn mí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè sọ níwájú àwọn olùkíni. Èyí tí mo lè sọ ni pé ìyá àgbà kú. Èyí tí mi ò lè sọ ni pé gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ pátá ló yan àga fún kó tó kú, àfi èmi Bọ̀sẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ní, kí ni àga? Kí ni àgbàlagbà obìnrin ń sunkún àga sí? Ẹ fara balẹ̀. Ní ìdílé tiwa, bí ọmọ-ọmọ kan bá ti gba ilé tirẹ̀, ì báà jẹ́ yàrá kan péré ní Abùjá, ìyá àgbà á wá àga àtijọ́ kan fún un. Kì í ṣe èyí tí káfíńtà kàn ní àná o. Àga tí ẹlòmíì ti jókòó sí di arúgbó ni, tí igi rẹ̀ ti gbẹ dénú, tí apá rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ èèyàn. Kúnlé tó wà ní Ìlọrin gba àga pankẹ́rẹ́ tó ti ilé àwọn míṣọ́nnárì jáde. Àbúrò rẹ̀ obìnrin gba àga ilé ẹjọ́ àtijọ́, ti ayé ìgbà tí Kàdúná ṣì ń ṣe olórí wa. Dúpẹ́, tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà fi inú ara rẹ̀ ní, òun ló gba èyí tó dára jù. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́kọ́ja, tí mo ti ní ilé tèmi kí púpọ̀ nínú wọn tó ní, àga kúṣìn tí mo rà lẹ́bàá títì ni mo ṣì ń jókòó lé. Bí mo bá béèrè tèmi, ìyá àgbà á ní, "Mi ò tíì rí i."

Ìyá Alága ni gbogbo ìlú ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò nídìí nǹkan tó bá fẹ́. Owé, ẹ̀ka èdè Kàbà, ló ń sọ títí ó fi kú, ó ní Yorùbá inú rédíò máa ń sá eré kọjá lára òun ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín kọ́ ló ṣe ń dún lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Owé náà ní láti gbọ́ ohun tó sọ.

Kí n sọ bó ṣe máa ń yan àga. Kì í kọ́kọ́ jókòó. Ẹ lè gbé àga tó dára bí ọba síwájú rẹ̀, á kí yín ní "Okun o", lẹ́yìn náà á dojú àga délẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí dókítà ń wo ọ̀fun ọmọdé. Bó bá rí ìṣó tuntun níbi tó yẹ kí igi ti wọ inú igi, á ṣe ṣìọ̀. Á fi èékánná ha ẹsẹ̀ àga. Bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, ó ti mọ̀ pé kòkòrò ti ń jẹun níbẹ̀, á yí i padà láìsọ̀rọ̀. Á gbọ́ òórùn rẹ̀. Àga tó bá ń rùn ọ̀dà tuntun, kò ní bá wọn dọ́gbọ́n rárá, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ló tó máa jókòó. Bó bá sì jókòó, ọ̀rọ̀ ìlú ló máa bẹ̀rẹ̀: ta ló fẹ́yàwó, ta ni ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì, ta ni kò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin á rò pé ó ti gbàgbé àga. Kò gbàgbé o. Ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bó bá parí ìtàn kan láìsún ìdí, àga yẹn ti wọlé. Mo bi í léèrè nígbà kan pé báwo ló ṣe máa ń mọ̀. Ó ní, "Àga tó bá dára kì í jẹ́ kí o rántí pé ìdí ni o fi jókòó."

Ibi tó ti máa ń rí àga ni mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ kí n sọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ilé ọ̀fọ̀ ni. Kò sí ilé ọ̀fọ̀ tí ìyá àgbà kì í lọ ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀, Kírisítẹ́nì ni o, Mùsùlùmí ni o. Á gbé iṣu dání, á bá wọn sunkún, ẹkún tòótọ́ sì ni, nítorí ó mọ gbogbo èèyàn. Àmọ́ bó bá lọ lónìí, orí àga kan ló máa jókòó sí; bó bá padà lọ ní ọ̀la, orí àga mìíràn ni. Kí wọ́n tó ṣe ìsìn ìdágbére, ó ti jókòó sórí gbogbo àga tó wà nínú ilé náà. Àwọn ọmọ olóòkú á máa sọ pé màmá yìí fẹ́ràn bàbá àwọn gan-an.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní àdúgbò wa. Ó ní àga gíga kan tí wọ́n fi igi apá ṣe, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tó ń ronú. Nígbà tí bàbá náà dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyá àgbà ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan, bàbá yìí la ojú, ó rí i tó ń fọwọ́ pa apá àga, ó bi í léèrè pé, "Ìyá, ṣé èmi ni ẹ wá wò ni, àbí àga?" Ìyá àgbà kò wojú ilẹ̀, kò tijú. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. Ara rẹ̀ yá, ó tún lo ọdún mélòó kan sí i, ìyá àgbà sì ń bá a ṣeré pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Nígbà tó wá lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gbé àga náà fún obìnrin tí kò lè parọ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn yòókù, pàṣípààrọ̀ ló máa ń ṣe pẹ̀lú wọn. Ẹ mọ̀ bí ilé ọ̀fọ̀ ṣe máa ń rí: àlejò ń ya wọlé, ibi ìjókòó ò tó, àwọn ọmọ olóòkú tó ti Abùjá dé sì ń tijú àwọn àga onígi tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìyá àgbà á jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n, á wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun ní àga rọ́bà tuntun nílé, òun lè fún wọn ní rọ́bà méjì fún onígi kan. Inú wọn á dùn. Wọ́n á tún bá a gbé àga onígi náà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Báyìí ni àwọn ọmọ olóòkú ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn gbé ọ̀gánwó àti ìrókò kúrò nílé bàbá wọn, tí wọ́n sì ń gbé rọ́bà wọlé, rọ́bà tí oòrùn ọdún kejì máa là. Wọ́n á tún máa rò pé àwọn rẹ́ ìyá arúgbó jẹ. Bàbá Kúnlé, àkọ́bí ìyá àgbà, sọ fún un pé èyí kò dára, pé ẹ̀tàn ni. Ó ní òun ò tan ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà títí, orí àga tí ó fi rọ́bà gbà sì ni àwọn méjèèjì jókòó lé.

Bàbá Kúnlé yìí kan náà ló ra àga kúṣìn ńlá wá fún un láti Abùjá, aláwọ̀ wúrà, tó tóbi débi pé wọ́n yọ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbé e wọlé. Gbogbo wa péjọ kí ìyá àgbà wá jókòó. Ó jókòó, kúṣìn gbé e mì títí kò fi ku nǹkan tí à ń rí ju orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó na ọwọ́ kí wọ́n fà á jáde. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Adé, o ṣeun, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe iṣu tí ẹ fẹ́ gbìn." Àwọn adìyẹ ló jogún àga náà. Bàbá Kúnlé bínú títí oṣù yẹn fi parí, kò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, òun náà ò sì pè é.

Kò sí àga kan tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú gbogbo àga rẹ̀. Èyí máa ń ya àlejò lẹ́nu. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, síbẹ̀ bó bá jókòó sórí èyí lónìí, òmíràn ni lọ́la, á sì máa yí i lọ bẹ́ẹ̀ láìfo ọ̀kan. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní àga a máa jowú. Ó ní bí èèyàn bá ní ju ẹyọ kan lọ, kó pín ara rẹ̀ dọ́gba, bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó ní ẹyọ kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àga ló ń sọ. Ìyá mi tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kàn mi orí ni.

Bàbá bàbá mi fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyá àgbà ni àkọ́kọ́. Nínú ilé wa, ìyàwó máa ń gbé àpótí ìdáná rẹ̀ wá láti ilé bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ ni á máa jókòó sí nídìí ààrò. Ìyá àgbà gbé tirẹ̀ wá. Ìyàwó kejì, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré, ti ìhà Ìsánlú wá láìgbé nǹkan kan dání, nítorí àwọn ará ilé rẹ̀ kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. Bàbá bàbá mi ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí bí olódodo ọkùnrin. Ó lọ bá káfíńtà kan ní Ìsánlú, ó ní kó fi ọ̀gánwó kan àga fún ìyàwó tuntun, àga tó fẹ̀, tó ní apá méjì, tí wọ́n gbẹ́ ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni àga náà wà dé Kàbà.

Ìyá àgbà ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ń gún un, iyán kúná, ó ń gún un, iyán kọjá iyán, ó ṣì ń gún un. Bàbá bàbá mi jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì béèrè ohun tó ṣe é. Nígbà tí ó wá fẹ́ là á yé e, ó ní òun fẹ́ kí àwọn méjèèjì dọ́gba ni. Ìyá àgbà ti ní àpótí, èkejì kò ní nǹkan kan. Ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́n á rí i pé òun ṣe dáadáa. Ìyá àgbà ní, "Bàbá mi ló fún mi ní àpótí. Ìwọ ńkọ́, kí lo fún mi?" Ìyá mi ní bàbá náà kò ṣe àga fún un títí tó fi lọ sí ọ̀run. Bóyá ó gbàgbé, bóyá agídí ni. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ìyá àgbà gbé àga àtijọ́ àkọ́kọ́ wọlé, kò sì dúró mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣe o, nítorí òun ni gbogbo Kàbà fi mọ irú èèyàn tó jẹ́. Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí Ìyá Kékeré kú, mo wá lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bàbá bàbá mi ti lọ tipẹ́. Àlejò ń rọ́ wá, kò sí ibi ìjókòó, ni bàbá Dúpẹ́, ọmọ Ìyá Kékeré, bá gbé àga ọ̀gánwó náà sórí, ó sọdá agbo ilé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyá àgbà. Ó ní, "Màmá, ẹ gbà á. Ẹ fún wa ní rọ́bà." Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn àga yẹn. Èmi gan-an ń wo ọwọ́ ìyá àgbà, mo ń retí kó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó wọlé, ó sì ní kí a wá bá òun gbé àga. Kì í ṣe rọ́bà nìkan. Gbogbo àga rẹ̀ pátá ni a kó jáde, ti míṣọ́nnárì, ti ilé ẹjọ́, ti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, a tò wọ́n sábẹ́ ìbòòji kí ẹni tó bá wá sunkún orogún rẹ̀ lè rí igi gidi jókòó lé. Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá Dúpẹ́ gbé àga ọ̀gánwó padà síbi tó ti gbé e, òun náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé yàrá òkú. Dúpẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ọmọ kékeré, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ń wá ìyá bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà gbé e sórí àga náà. Ó ní, "Jókòó. Tìẹ ni."

Ìyá mi ò lè mú un mọ́ra. Ó bi í léèrè pé kí ló dé, ṣebí nítorí àga yẹn ló ṣe kó gbogbo àga ilẹ̀ yìí jọ. Ìyá àgbà fi etí ìró rẹ̀ nu imú Dúpẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe àga yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó fi fún un fi fún mi. Ẹni yẹn ti kú."

Gbogbo ìlú yìn ín. Èmi náà yẹ kí n yìn ín. Àmọ́ ojú mi wà lára Dúpẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá afẹ́fẹ́ lórí àga tó dára jù lágbo ilé wa, mo sì rò ó nínú ara mi pé kí ló kàn án. Èmi ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo bu omi fún un láàárọ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà ni Dúpẹ́ ti di ìrù ìyá àgbà. Bí ìyá àgbà bá ń lọ sílé ọ̀fọ̀, Dúpẹ́ ni. Bí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wó ilé àtijọ́ ní Iffe, ìlú kan nítòsí Kàbà, Dúpẹ́ ló máa bá a gun ọ̀kadà. Ó kọ́ ọ bó ṣe ń fi èékánná ha igi, ó kọ́ ọ bó ṣe ń fi òróró ẹ̀pà pa á kó dán. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọlidé. Mo jókòó sórí àga kan, mo sọ pé ó dára. Ìyá àgbà wo Dúpẹ́. Dúpẹ́, tí kò tíì ju èjìká mi lọ, dojú àga náà délẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí ìṣó tuntun, ìyá àgbà sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìgbéraga bí ìgbà tí ọmọ ẹni gba ẹ̀bùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá wọn lọ mọ́. Ẹ̀rín yẹn wà nínú etí mi títí di òní.

Dúpẹ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù nísinsìnyí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkènè. Àwọn èèyàn Abùjá ń gbé ọkọ̀ wá láti wá wo àga àtijọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn míì tilẹ̀ ń ra àga tí bàbá wọn fúnra wọn fi gba rọ́bà. Wọ́n á ní, "Ìyá Alága ló kọ́ ọ." Dúpẹ́ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń rí àwọn fọ́tò náà lórí fóònù mi ní Lọ́kọ́ja, níbi tí mo ti ń jókòó sórí kúṣìn. Mi ò purọ́, mo máa ń pa fóònù náà.

Ìgbà tó kẹ́yìn tí mo bá ìyá àgbà sọ ọ́, ara rẹ̀ kò yá, mo wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo dì í lọ́wọ́, mo sì sọ ọ́ tìbínú-tìbínú pé ó rí ti Kúnlé, ó rí ti gbogbo wọn, ó rí ti ọmọ orogún rẹ̀, tèmi nìkan ni kò rí. Ó ní, "Owú ń pa ọ́. Ó dáa. Ẹni tí kò jowú, kò fẹ́ nǹkan ni." Mo tún bi í pé tèmi ńkọ́. Ó ní òun kò tíì rí i. Mo tú ìdè ẹ̀rọ kúrò lápá rẹ̀, mo kọ ohun tí ẹ̀rọ sọ sílẹ̀, mo sì lọ bá wọn se ọbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó lọ.

Nígbà tí ìsìnkú parí, tí àwọn àlejò ti lọ, ẹbí jókòó láti pín nǹkan rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Bàbá Kúnlé ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá àwọn ti yan àga fún gbogbo ọmọ-ọmọ, ó ku Bọ̀sẹ̀. Ó ní kí Bọ̀sẹ̀ wọlé, kó mú èyí tó bá wù ú, ì báà ṣe èyí tó dára jù. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ó tún ní kí Dúpẹ́ bá mi wọlé, òun ló mọ̀ wọ́n, kó bá mi yàn án.

Mo fẹ́ yarí níbẹ̀, àmọ́ mo dìde.

A wọnú yàrá ìgbàlejò. Àwọn àga tò síbẹ̀, wọ́n ń dán. Dúpẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri. Mo jókòó sórí ọ̀kan, mo dìde. Mo jókòó sórí òmíràn, mo dìde. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Mo ní kí Dúpẹ́ jáde, mo ní mi ò fẹ́ kó yan nǹkan kan fún mi, mo ní ó ti gba gbogbo ohun tó yẹ kó jẹ́ tèmi, kó jẹ́ kí n rójú yan eléyìí.

Kò jáde. Ó ní, "Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ṣé ẹ rò pé kò wá a ni? Ọ̀rọ̀ àga yín ló gbé wa dé Ìsánlú. Òun ló gbé wa dé Ifẹ̀-Olúkòtún nínú òjò. Àga tó bá ti dára lójú mi, màá pè é sí i. Á jókòó, á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ọwọ́ gbá àyè tó kù. Á ní, 'Bọ̀sẹ̀ ò lè gba ibí.'"

Kò yé mi. Ó rí i pé kò yé mi. Ó ní àga tí èmi àti ìyá àgbà á jọ gbà lẹ́ẹ̀kan náà ló ń wá.

Mo wá rántí. Nígbà tí ìyá mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo wà, ojú àga kan náà ni a jọ máa ń jókòó, tí itan rẹ̀ á gbóná mọ́ tèmi. Mo dàgbà, mo lọ, mo di nọ́ọ̀sì, mo bímọ, mo sanra. Síbẹ̀ bí mo bá dé láti Lọ́kọ́ja, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ọwọ́ gbá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi á sì rẹ́rìn-ín pé ìyá, ibo ni ìdí mi fẹ́ gbà, màá sì fa àga rọ́bà sún mọ́ ọn.

Dúpẹ́ ní òun sọ fún un pé kó kúkú ra bẹ́ǹṣì. Ó ní ìyá àgbà bínú sí òun. Ìyá àgbà ní bẹ́ǹṣì jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè wá jókòó tì ọ́ níbẹ̀. Dúpẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni mo ń bá a kiri. Èmi ni mo ń ru àga. Kò sún fún mi rí, Àǹtí, kò sún fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ìdúró ni mo máa ń wà títí tó fi máa wọn àyè ìdí yín. Mo jowú yín. Láti kékeré ni mo ti ń jowú yín."

Bàbá Kúnlé ń pè láti ìta pé ṣé mo ti rí i. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ bí a ṣe ń tu ẹni tó ń sunkún nínú, mo mọ ohun tó yẹ kí àgbà sọ fún àbúrò rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Inú mi ń dùn, ó ń dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Mo di Dúpẹ́ lọ́wọ́ mú.

Mo ní kó tún un sọ.